Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Wọ́n Fi Hun Aṣọ Kí Á Tó San Owó Rẹ̀

Tí ẹ bá wọ ọjà Balógun l'Ékòó tàbí Gbági n'Ìbàdàn, orúkọ tí ẹ ó máa gbọ́ ni léèsì, àǹkárá, gínnì, àtíkù, káṣímíà, ṣífọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sọ ohun tó wà nínú aṣọ náà fún yín. Léèsì lè jẹ́ òwú, ó lè jẹ́ pọlíẹ́sítà, ó sì lè jẹ́ àdàlù méjèèjì. Àǹkárá tó ń dán lójú lè má ní òwú kankan nínú. Irun múlọ́múlọ́ tó wà lábẹ́ irun gígùn ewúrẹ́ ni káṣímíà gidi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún ṣòkòtò ọkùnrin lọ́jà wa, pọlíẹ́sítà àti réyọ̀n ni. Ohun tó máa pinnu bóyá aṣọ yóò mú aró, bóyá yóò sún kì nínú omi, bóyá ooru yóò mú yín nínú rẹ̀, bóyá áyọ́ọ̀nù yóò bà á jẹ́, fọ́nrán tó wà nínú rẹ̀ ni.

Fọ́nrán ni irun tín-ín-rín tí ẹ ó rí bí ẹ bá fa okùn kan yọ létí aṣọ, tí ẹ sì tú u títí tí kò fi ní ìlọ́ kankan mọ́. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó ń ra aṣọ, fún aránṣọ, àti fún ẹni tó ń pa àdìrẹ, nítorí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pàdánù owó nígbà tí wọ́n bá gba orúkọ ọjà gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí fọ́nrán ti wá

Fọ́nrán tó wá láti ara ewéko ni àkọ́kọ́, òwú sì ni olórí wọn. Ohun kan náà tí wọ́n ń pè ní cellulose, tó wà nínú igi àti bébà, ló wà nínú òwú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń rùn bíi bébà nígbà tó bá ń jó. Òwú fẹ́ràn omi. Kódà láì tíì rẹ ẹ́ sómi, kílò kan òwú gbígbẹ yóò fa omi bíi 80 gíráàmù mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ lásán. Nígbà tí ara bá ń làágùn, òwú ló ń fa òógùn náà kúrò lára. Bí ó bá tutù, ńṣe ló tún ń le sí i, nítorí náà ẹ lè sè é, ẹ lè fi ọwọ́ bó o dáadáa, ẹ sì lè lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń rún, ó máa ń sún kì, ewú sì máa ń bù ú bí a bá kó o pamọ́ nígbà tí kò tíì gbẹ tán.

Òwú náà kò dọ́gba. Èyí tó wọ́pọ̀, gígùn fọ́nrán rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 25 sí 30 mìlímítà lọ. Òwú Íjíbítì tó dára gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń kọjá 35 mìlímítà. Bí fọ́nrán bá ṣe gùn tó ni okùn rẹ̀ ṣe ń jọ̀lọ̀ tó, torí pé orí fọ́nrán tó ń yọ síta lára okùn kò ní pọ̀. Ẹ wo òwú igi àràbà: ó funfun, ó sì rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ jù, kò sì ní ìlọ́ tí yóò fi di ara rẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń kì í sínú ìrọ̀rí tí wọn kò fi í hun aṣọ.

Ọ̀gbọ̀, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní línẹ́ẹ̀nì, ara igi ewéko flax ni wọ́n ti ń bó o. Ó tutù lára ju òwú lọ, ó le jù ú lọ, ó sì ń rún jù ú lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn lílọ̀ aṣọ, kó má rà á.

Ìdílé kejì wá láti ara ẹ̀dá abẹ̀mí: irun àgùntàn àti ṣẹ́dà. Pùròtéènì ni wọ́n, bí irun orí àti èékánná wa. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lára. Bí ẹ bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, tí ẹ sì ń rún un lọ́wọ́, àwọn ìpẹ́ náà yóò há mọ́ ara wọn, aṣọ yóò ki, yóò sì kéré, kò sì ní padà mọ́. Kílò kan irun àgùntàn gbígbẹ lè fa omi bíi 160 gíráàmù láti inú afẹ́fẹ́, ìlọ́po méjì òwú, síbẹ̀ kò ní tutù lára yín.

Ṣẹ́dà ti ilẹ̀ Ṣáínà, kòkòrò Bombyx mori ni wọ́n ń sìn fún un, ewé mulberry sì ni oúnjẹ rẹ̀. Kòkòrò kan ṣoṣo lè hun fọ́nrán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan yí ara rẹ̀ ká láì já. Gígùn yìí wà lára ohun tó ń mú ṣẹ́dà dán.

Sányán tiwa tọ́ sí àlàyé díẹ̀ sí i. Kòkòrò Anaphe ló ń ṣe é, inú igbó ló sì ń gbé. Àwọn ìdin rẹ̀ a kó ara wọn jọ, wọ́n a hun ilé ńlá kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò hun tirẹ̀ sínú rẹ̀. Nítorí pé ilé àjọgbé ni, fọ́nrán rẹ̀ kò ṣeé fà yọ ní ẹyọ kan gígùn. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ sè é nínú omi eérú kí gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ lè kúrò, kí wọ́n tó wá ran án bí wọ́n ṣe ń ran òwú. Sányán gidi kì í dán bíi ti Ṣáínà nítorí èyí, àwọ̀ tí kòkòrò fún un náà ni wọ́n sì ń fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Àlàárì ní tirẹ̀, ṣẹ́dà pupa tí àwọn oníṣòwò ń kó gba aginjù Sàhárà wá ni wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́. Ẹtù sì jẹ́ òwú tí wọ́n rẹ sínú aró ẹ̀lú léraléra títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Lóde òní, àwọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe aṣọ òkè ní sányán tàbí àlàárì, òwú tàbí réyọ̀n ló sì wà nínú rẹ̀. Èmi kò rí àbùkù nínú aṣọ òkè tí wọ́n fi réyọ̀n hun. Ohun tó ń dùn mí ni kí ènìyàn san owó sányán gidi lórí ohun tí kòkòrò kankan kò hun.

Ìdílé kẹta ni ti ilé iṣẹ́, ẹ má sì ṣe da méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni réyọ̀n, tí wọ́n tún ń pè ní viscose. Igi ni wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi kẹ́míkà yọ́, tí wọ́n wá fún gba ojú ihò tín-ín-rín jáde. Ọmọ igi ni, nítorí náà ó ń tutù lára, ó ń mú aró, ó sì ń jó bí òwú. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá tutù, ó máa ń pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀.

Ìkejì wá láti inú epo rọ̀bì. Wallace Carothers ló ṣe náílọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní 1935. John Whinfield àti James Dickson ló ṣàwárí fọ́nrán pọlíẹ́sítà ní England ní 1941. Òun ni àwọn àgbà wa mọ̀ sí tẹ́rílìn. Acrylic ń ṣe bí ẹni pé irun àgùntàn ni òun, òun ló sì pọ̀ jù nínú súwẹ́tà olówó pọ́ọ́kú. Elastane, èyí tó ń nà bíi rọ́bà, Joseph Shivers ló gbé e jáde ní 1958. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ fọ́nrán mìíràn. Gbogbo àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ràn omi. Kílò kan pọlíẹ́sítà kì í fa ju gíráàmù 4 lọ láti inú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbẹ kíá, òun náà ló sì fà á tí òógùn fi ń dúró sí ara yín nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ kán omi sí i

Bí aṣọ rírán bá ni, ẹ ka àmì tí wọ́n rán mọ́ ọrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀. Cotton ni òwú, linen ni ọ̀gbọ̀, wool ni irun àgùntàn, silk ni ṣẹ́dà. Iye tó wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ìpín rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Aṣọ tí wọ́n ń gé ní yáàdì kì í sábà ní irú àmì yìí, ohun tí wọ́n bá sì tẹ̀ sí etí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ mú igun aṣọ náà, ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Òwú, ọ̀gbọ̀ àti réyọ̀n yóò rún. Pọlíẹ́sítà àti irun àgùntàn yóò padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi ẹ̀kán kan sí i. Lórí òwú tí wọ́n ti fọ̀, omi náà yóò wọlé lójú ẹsẹ̀, yóò sì tàn ká. Lórí pọlíẹ́sítà, ó lè dúró roboto fún ìgbà díẹ̀. Ẹ rántí pé sítáàṣì ara àǹkárá tuntun lè dí omi lọ́nà, nítorí náà ẹ má fi èyí nìkan ṣèdájọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí dídán tàn yín jẹ. Láti 1844 ni John Mercer, ará England, ti rí i pé sódà líle ń yí ara òwú padà. Àwọn tó tẹ̀lé e ló wá fi kún un pé bí a bá na òwú náà dáadáa nínú sódà, yóò máa dán. Òwú lè dán, pọlíẹ́sítà lè dán ju ṣẹ́dà lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi iná dán an wò

Èyí ni ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ. Ìta gbangba tí kò ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tó jìnnà sí kẹrosíìnì àti gáàsì, tí kò sì sí ọmọdé nítòsí. Ẹ wá àwo tánganran, omi nínú ike, ẹ̀mú kékeré tí a fi ń mú nǹkan, àti láítà. Ẹ má fi ọwọ́ mú okùn tó ń jó: pọlíẹ́sítà tó yọ́ tó sì kán síni lára kì í ṣí kúrò, ó ń jó awọ ni.

Ẹ fa okùn bíi mẹ́ta yọ ní òòró aṣọ, kí ẹ sì fa mẹ́ta yọ ní ìbú. Ẹ lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀, ẹ má dà wọ́n mọ́ra, torí aṣọ púpọ̀ ló ní òwú ní òòró tó sì ní réyọ̀n tàbí pọlíẹ́sítà ní ìbú. Ẹ fi ẹ̀mú mú àkọ́kọ́, ẹ rọra gbé e sún mọ́ iná láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo ohun tó ṣe kó tó kan iná, ohun tó ṣe nínú iná, àti ohun tó ṣe nígbà tí ẹ mú un kúrò. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́ èéfín díẹ̀ sí imú, ẹ má gbé imú lé e lórí. Kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó fi ìka rún eérú rẹ̀.

Òwú, ọ̀gbọ̀ àti réyọ̀n kì í sá fún iná. Wọ́n á gbiná lójú ẹsẹ̀, wọ́n á máa jó lọ kódà nígbà tí ẹ bá mú wọn kúrò, ẹyin iná pupa díẹ̀ a sì máa rìn lára okùn náà. Òórùn bébà tó ń jó ni, eérú rẹ̀ fúyẹ́, ìka kékeré ló ń tú u ká.

Irun àgùntàn àti ṣẹ́dà yóò ká kò kúrò lọ́dọ̀ iná. Wọ́n ń jó pẹ̀lú ìlọ́ra, wọ́n sì sábà máa ń kú fúnra wọn. Òórùn wọn kò ṣeé ṣì mọ̀, irun orí tó ń jó gan-an ni. Ohun tó kù jẹ́ kóró dúdú tó ń fọ́ sí lẹ́búlẹ́bú lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ta sányán fún yín, tó sì ń rùn bíi bébà, kì í ṣe sányán.

Pọlíẹ́sítà yóò sún sẹ́yìn, yóò yọ́, yóò máa kán, èéfín rẹ̀ dúdú, òórùn rẹ̀ sì ń dùn díẹ̀ lọ́nà tí kò bójú mu. Kóró líle tí ìka kò lè fọ́ ni yóò kù. Náílọ́ọ̀nù ń ṣe bákan náà, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Acrylic ń jó kíákíá, ó ń yọ́ bó ṣe ń jó, kì í sì í fẹ́ kú, òórùn rẹ̀ a sì máa ta sí imú.

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn bébà, tí ẹ sì tún bá kóró líle nínú eérú, àdàlù òwú àti pọlíẹ́sítà ni. Bí aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ wa ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, àdàlù tó sì wọ́pọ̀ ni pọlíẹ́sítà 65 pẹ̀lú òwú 35 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun tí iná kò lè yà sọ́tọ̀

Iná kò lè sọ òwú yàtọ̀ sí réyọ̀n, omi ló lè ṣe é. Ẹ mú okùn kan tó gùn bí ìka, ẹ fi omi tọ́ àárín rẹ̀ nìkan, kí ẹ wá fà á lápá méjèèjì. Réyọ̀n yóò já níbi tó tutù. Òwú yóò já níbòmíràn, nítorí ibi tó tutù ló le jù.

Fún sányán tàbí irun àgùntàn tó ń rú yín lójú, ẹ ju okùn rẹ̀ sínú ife dígí tí ẹ bu Jik díẹ̀ sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Pùròtéènì yóò máa yọ́ lọ títí yóò fi pòórá, òwú yóò wà níbẹ̀. Ẹ má da ọtí kíkan, ọṣẹ tàbí ohunkóhun mìíràn mọ́ Jik, afẹ́fẹ́ olóró lè jáde. Ìdánwò yìí tún kọ́ni ní ohun kan: ẹ má fi Jik kan irun àgùntàn tàbí ṣẹ́dà láéláé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yan aṣọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe

Ẹ̀yin tó ń pa àdìrẹ àti kàm̀pálà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Aró ẹ̀lú àti àwọn aró tí a ń fi sódà àti háídírọ̀ pò ń wọ inú òwú, ọ̀gbọ̀ àti réyọ̀n. Pọlíẹ́sítà kò ní gbà wọ́n. Aró tirẹ̀ yàtọ̀, ilé iṣẹ́ sì máa ń sè é nínú ìkòkò tí a dé pa, níbi tí ooru ti ń tó nǹkan bíi 130 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò sí agbada orí ààrò tó lè ṣe èyí. Nítorí náà, kí ẹ tó ra gínnì odidi bọ́ńdù kan ní Ìtọ́kú l'Abẹ́òkúta, ẹ gé etí rẹ̀ díẹ̀, ẹ dáná sun ún. Bó bá yọ́, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ òwú, ẹ kọ́kọ́ fọ sítáàṣì ara rẹ̀ kúrò kí ẹ tó di í tàbí kí ẹ tó fi ẹ̀kọ ya á. Ẹ má sì gbé ṣẹ́dà tàbí irun àgùntàn sínú aró oní-sódà: sódà líle ń jẹ wọ́n.

Fún oòrùn ilẹ̀ wa, òwú ló yẹ ọmọ ọwọ́ àti aṣọ abẹ́. Réyọ̀n náà tutù lára, ó sì ń wálẹ̀ dáadáa fún búbá. Pọlíẹ́sítà dára fún ohun tí a ń fọ̀ lójoojúmọ́ tí a kò fẹ́ máa lọ̀, àdàlù rẹ̀ pẹ̀lú òwú sì tún sàn. Ẹni tó ń dáná níwájú gáàsì, kó wọ òwú tí kò fẹ̀ lápá, kó má ṣe wọ náítì pọlíẹ́sítà.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Ṣikágò, ẹ yẹra fún òwú gẹ́gẹ́ bí aṣọ tó kan ara nígbà òtútù, pàápàá bí iṣẹ́ yín bá ń mú yín làágùn níta. Bó bá ti rẹ, yóò fa ooru ara yín lọ. Irun àgùntàn ń mú ara móoru kódà nígbà tó bá rẹ díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fífọ̀, lílọ̀ àti kíkó pamọ́

Kí ẹ tó gé aṣọ òwú, ẹ mọ bí yóò ṣe sún kì tó. Ẹ fa ìlà ínǹṣì 20 sí ara rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ wá wọn ìlà náà. Bó bá ku 19, ó ti dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, yáàdì 5 yín yóò sì di 4 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Aránṣọ tó bá ń ṣe èyí kò ní máa bá oníbàárà jà lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ má fún réyọ̀n nígbà tó bá tutù, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ láàárín táwẹ́ẹ̀lì. Irun àgùntàn, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti gbẹ, torí bí ẹ bá gbé e kọ́, ìwúwo omi yóò nà án. Pọlíẹ́sítà fẹ́ràn ọ̀rá ara, òun ló fi ń rùn ní abíyá. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ fún wákàtí kan kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ṣẹ́dà àti náílọ́ọ̀nù, abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ sá wọn sí, oòrùn ń sọ wọ́n di aláìlágbára. Aṣọ tó ní elastane, ẹ jẹ́ kí omi gbígbóná àti Jik jìnnà sí i.

Lára àmì aṣọ, àwòrán áyọ́ọ̀nù tó ní àmì roboto kékeré kan nínú ń sọ pé kí iná rẹ̀ kéré: acrylic àti náílọ́ọ̀nù nìyẹn. Méjì wà fún pọlíẹ́sítà, ṣẹ́dà àti irun àgùntàn, mẹ́ta fún òwú àti ọ̀gbọ̀. Bí àdàlù bá ni, èyí tó ń bẹ̀rù iná jù nínú wọn ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ní àsìkò òjò, ẹ rí i dájú pé òwú gbẹ tán kí ó tó wọ àpótí. Kòkòrò tó ń jẹ irun àgùntàn àti ṣẹ́dà fẹ́ràn aṣọ tó ní òógùn lára, nítorí náà ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kó o pamọ́, kí ẹ sì fi bébà di kàfúrà kó má bàa fi ara kan aṣọ náà. Aṣọ òkè tó ní ṣáìn-ṣáìn, ike fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ alumíníọ́ọ̀mù mọ́ ló ń tàn yanran nínú rẹ̀. Ó máa ń kán lójú ìká bí ẹ bá ká a síbì kan náà nígbà gbogbo. Ẹ ká a mọ́ ara ọ̀pá páálí, kí ẹ fi aṣọ òwú funfun wé e, kí ẹ má sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e lórí láì tẹ́ aṣọ mìíràn sáàárín.